Irin Funfun Tí Òkun Kò Rí Jẹ

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa fi ayé yín ṣe, tí ẹ sì ń bi ara yín èwo ló lówó lórí nínú wọn, ẹ fún mi láyè díẹ̀. N kò ní bá yín sọ̀rọ̀ owó, torí èmi gan-an kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní owó oṣù títí irùngbọ̀n mi fi kún. Irin funfun ni mo fi ayé mi ṣe, èyí tí wọ́n ń pè ní alumíníọ̀mù. Mo fi í kan férémù ibùsùn, férémù àga, férémù àtíbàbà ọkọ̀ àti ti fèrèsé. Tí ẹ bá rìn ní etí òkun wa, láti Abereke dé Zion Pepe, tí ẹ sì rí férémù funfun kan tó ti gbó ṣùgbọ́n tí kò mì, ẹ yí i dé kí ẹ wo bí wọ́n ṣe kan ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi. N kò fọ́nnu o. Àgbà tó ṣiṣẹ́ tó dára, tó wá ń ṣe bí ẹni pé òun kò mọ̀ pé ó dára, irọ́ ló ń pa.

Abereke ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi kú nígbà tí mo ṣì kéré, ìyá mi sì kó mi lọ sí Ayétòrò nígbà tí pákó ìlú náà ṣì ń rùn bíi pákó tuntun. Ẹ ti gbọ́ bí a ṣe gbé níbẹ̀ láyé ọjọ́un. Ẹja tí ẹnikẹ́ni bá pa, ti gbogbo wa ni. Aṣọ tí wọ́n bá hun, gbogbo wa la jọ ń wọ̀ ọ́. Inú ìkòkò kan náà ni púpurú tí a fi ẹ̀gẹ́ rò ti ń jáde. Lọ́jọ́ kan, àwọn àgbà ìlú pe àwa ọ̀dọ́ jọ, wọ́n wo ọwọ́ wa, wọ́n sì pín wa: ìwọ lọ síbi àwọ̀n, ìwọ lọ síbi bàtà, ìwọ lọ síbi aṣọ. Wọ́n ní kí èmi Olúgbémi lọ bá Bùrọ̀dá Ṣíláásì nílé iṣẹ́ irin. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé ìwáṣẹ́ kiri, ẹ má bínú sí mi.

Ọmọ Òde Ugbò ni Bùrọ̀dá Ṣíláásì. Iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn ni wọ́n ń ṣe nílé bàbá rẹ̀ kí òun tó di oníṣẹ́ irin. Ó ga, ó gbẹ, kò sì fẹ́ràn ariwo. Ilé iṣẹ́ wa dúró lórí òpó nínú omi bíi gbogbo ilé Ayétòrò, àlàfo sì wà láàárín àwọn pákó tí a ń tẹ̀. Òfin àkọ́kọ́ tó fi lélẹ̀ fún mi kò gùn rárá: ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ìwọ ni yóò wọ omi lọ bá a. Bí ìṣó kan bọ́, o wọ omi. Bí ẹnu ìlu tí a fi ń lu ihò bọ́, o wọ omi. Òjò kò kàn án, ọyẹ́ kò kàn án. Wàá máa fi ọwọ́ wá inú ẹrẹ̀ títí wàá fi rí i, àwọn ọmọṣẹ́ yòókù á sì dúró lókè, wọ́n á máa béèrè bóyá àrọ̀ ti fún ọ ní ìyàwó.

Níbẹ̀rẹ̀, mo rò pé ọ̀gá yìí kórìíra mi ni. Mo lọ sunkún fún ìyá mi níbi tó ti ń yan ẹja. Ìyá mi kò fi èdè Abereke sílẹ̀ títí ó fi kú, kò sì ki ẹnu bọ ọ̀rọ̀ tó bá gùn. Ó ní, "Ọma mi, ọ̀gá tí kò jẹ́ kí ìṣó kan ṣòfò, kò ní jẹ́ kí ọma ọlọ́ma ṣòfò. Padà síbi uṣẹ́ rẹ." Mo nu ojú, mo padà síbi iṣẹ́ mi.

Ọ̀nà tí ó gbà kọ́ mi ní yíyan irin, n kò tíì rí i níbòmíràn. Á kó oríṣiríṣi irin sínú agbọ̀n, á fi aṣọ dì mí lójú, á ní kí n mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n sọ ọmọ ta ni wọ́n. Bí ó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé irin ní oríkì. Mo kọ́ láti fi ọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀, láti fi èékánná ha á, láti fi òòlù kékeré kàn án kí n gbọ́ ohùn rẹ̀. Irin dúdú wúwo, òòfà a sì máa fà á. Idẹ a máa fi òórùn sí ọwọ́ ẹni. Irin funfun fúyẹ́, òòfà kò sì mọ̀ ọ́n rí. Ṣùgbọ́n gbogbo irin funfun kọ́ ni ọmọ bàbá kan náà. Èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò rọ̀. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á gbà fún ọ, á sì dúró bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ṣe ara bàálù le. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, á fẹ́ padà síbi tó wà. Ti ìkòkò máa ń dún pọ̀ọ̀, ti bàálù máa ń dún kíiin. Nígbà tí mo bá ṣì í, Bùrọ̀dá Ṣíláásì kì í bú mi. Á kàn da gbogbo irin náà padà sínú agbọ̀n, á tún aṣọ náà dì mọ́ mi lójú, bí oúnjẹ ọ̀sán bá tilẹ̀ ti délẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ kan férémù nílé ara rẹ̀ lónìí, ibẹ̀ náà ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú èyí tó ń dún kíiin fún ibi tí ènìyàn máa fi ara tì. Ẹ mú páìpù, ẹ má mú ọ̀pá tí kò ní ihò nínú, torí ihò yẹn ló ń jẹ́ kó fúyẹ́ láìjẹ́ kó ṣe jẹ́lẹ́ńkẹ́. Bí àtàǹpàkò yín bá lè tẹ ara páìpù náà wọlé, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ rọ yanrìn kún inú rẹ̀ kí ó má bàa wó, kí yanrìn náà sì gbẹ dáadáa, nítorí yanrìn tútù nínú páìpù gbígbóná lè ta síni lójú. Ẹ fi ọṣẹ pa ibi tí ẹ fẹ́ tẹ̀, kí ẹ sì yá a níná. Irin funfun kì í pọ́n bí ó bá gbóná. Yíyọ́ ni yóò kàn yọ́ mọ́ yín lójú. Ọṣẹ ló máa ń sọ̀rọ̀ fún un. Bí ọṣẹ bá ti dúdú, ẹ gbé e kúrò lórí iná, ó ti rọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti Fúyẹ́, ibùsùn tí a fi ń gbé aláìsàn, fún yín, torí òun ni iṣẹ́ ayé mi. Afárá pákó ni gbogbo ọ̀nà Ayétòrò, kò sì fẹ̀. Bí àìsàn bá le, a ní láti gbé aláìsàn gba orí afárá lọ sí èbúté, kí ọkọ̀ tó gbé e lọ sí Igbókòdá, kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa. Ibùsùn onígi tí a fi ń gbé wọn wúwo ju aláìsàn lọ. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e, afárá kò sì gba ọkùnrin mẹ́rin. A fi irin dúdú ṣe òmíràn, ìpẹtà jẹ ẹ́ kí ọdún tó yí po. Ni Bùrọ̀dá Ṣíláásì bá lọ sọ fún àwọn àgbà pé òun máa ṣe èyí tí obìnrin méjì lè gbé.

Ọkọ̀ ìlú tó ń ná Èkó kó páìpù irin funfun bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta àjákù irin. Wọ́n ní ara bàálù ogun ni wọ́n ti tú u. Mo fi òòlù kàn án, ó dún kíiin, orí mi sì wú. Èmi ni Bùrọ̀dá Ṣíláásì ní kí n yan gbogbo èyí tí a máa lò, láìsí aṣọ lójú mi lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tí a kàn án tán, a gbé e dúró níwájú ilé iṣẹ́, ó ń dán. Obìnrin méjì gbé e sókè pẹ̀lú ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ ní Fúyẹ́.

Ìṣó tí a fi kàn án ni kí ẹ kíyè sí. Lọ́dọ̀ àwa ará etí òkun, ọkọ̀ tí a bá fi ìṣó irin kàn kì í pẹ́. Iyọ̀ inú omi á jẹ ìṣó náà, pákó á sì tú. Ìṣó bàbà ni àwọn àgbà wa gbẹ́kẹ̀ lé. Òkun kì í jẹ bàbà. Bùrọ̀dá Ṣíláásì fẹ́ràn láti sọ pé ìṣó bàbà ló so ọkọ̀ bàbá òun pọ̀, ọkọ̀ náà sì pẹ́ láyé ju bàbá òun lọ. Nítorí náà, ìṣó bàbà tó dára jù nílé iṣẹ́ wa la fi kan Fúyẹ́, a gún un kọjá páìpù, a sì lu ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ ní ìhà kejì. Kò sí ẹnikẹ́ni ní etí òkun wa tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Aṣọ ìgbòkun ni aláìsàn máa ń sùn lé. Bùrọ̀dá Jóòbù tó ń rán bàtà ló bá wa dè é mọ́ ara férémù. Kí orí ìṣó má bàa ya aṣọ, ó gé rọ́bà tó ṣẹ́kù lára àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, ó fi wé ìṣó náà, ó sì fi tẹ́ abẹ́ orí rẹ̀. Ọ̀gá mi wò ó, ó ní, "Jóòbù, ṣé bàtà lo fẹ́ wọ̀ fún ìṣó ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Jóòbù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yọ rọ́bà rẹ̀ kúrò.

Fúyẹ́ ṣiṣẹ́. Ó gbé àwọn aboyún, ó gbé arúgbó, ó gbé ọkùnrin kan tí ẹ́ńjìnnì gé lọ́wọ́. Omi òkun ń ta sí i nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í rí lẹ́búlẹ́bú funfun kan nídìí àwọn ìṣó. A rò pé iyọ̀ ni. Kí ni à bá tún rò, àwa tí iyọ̀ máa ń gbẹ mọ́ ìpéǹpéjú wa? A fi aṣọ nù ún, a fi òróró pa á, a gbé e padà síbi tó wà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ẹja kan tó ní ẹ̀gún nírù ta ìyá mi lẹ́sẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ náà ti wú dé orúnkún, ó sì ń gbóná. Wọ́n ní Òkìtìpupa ni, kò gbọ́dọ̀ pẹ́. A tẹ́ ẹ sórí Fúyẹ́. Èmi àti ọmọṣẹ́ kan la gbé e, mo wà níwájú. A ti rìn kọjá ilé aṣọ, a ti ń rí èbúté, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ́ igi gbígbẹ. Ọwọ́ mi ṣàdédé fúyẹ́. Nígbà tí mo fi máa yíjú padà, ìyá mi ti wà nínú omi.

Omi kún lọ́jọ́ náà. Àwọn ọkùnrin bẹ́ sínú rẹ̀, wọ́n fà á jáde, ó ń wúkọ́, apá rẹ̀ ọ̀tún sì ti yẹ̀. Wọ́n tú ilẹ̀kùn ilé kan, wọ́n gbé e lé e, wọ́n gbé e sọ́kọ̀. Mo fẹ́ bá wọn lọ, ọkọ̀ kò gbà mí. Mo dúró lórí afárá títí n kò fi gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì mọ́. Ìtìjú ń pa mí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ padà pé ìyá mi yè, wọ́n ti to apá rẹ̀, wọ́n sì ń tọ́jú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ni àwọn àgbà jókòó. Wọn kò bínú, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sọ̀kò ọ̀rọ̀. Wọ́n ní irin funfun kò bá òkun mu, a kò sì lè fi ẹ̀mí ènìyàn dán nǹkan wò. Wọ́n ti gbé ọkọ̀ wa tó ń ná Èkó kúrò nínú omi nígbà náà, wọ́n ń dí ojú pákó rẹ̀. Bó bá ti tún wọ omi, kí ó kó gbogbo páìpù tó ṣẹ́kù lọ sí Èkó, kí wọ́n fi gba pákó. Ní tèmi, kí n lọ síbi àwọ̀n. Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: bí ọkọ̀ yẹn bá fi lè kó páìpù wa lọ, iṣẹ́ mi parí, orúkọ ọ̀gá mi sì bá a lọ.

N kò sọ pé iṣẹ́ àwọ̀n kò dára. Ẹ ti rí mi níbi tí mo ti ń hun àwọ̀n bí? Àwọ̀n tí mo hun, ẹja máa ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ kí ìbátan rẹ̀. Irin ni Ọlọ́run dá mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé ọmọdé ṣubú ó wo iwájú, àgbà ṣubú ó wo ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn Fúyẹ́ àti apá kan ara rẹ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ afárá, nínú ẹrẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ rí i mọ́. Ṣùgbọ́n ó bọ́ lọ́wọ́ mi, mo sì mọ òfin ilé iṣẹ́ wa. Mo bọ́ aṣọ, mo wọ omi. Mo rì, mo yọ, mo tún rì, àwọn ènìyàn ń kọjá lókè, wọ́n ń wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti dà lórí rú. Nígbà tí mo fi ọwọ́ kàn án, mo gbá a mọ́ra bí ọmọ.

Mo gbé e dé ilé iṣẹ́, mo fi omi tí kò ní iyọ̀ ṣan ẹrẹ̀ rẹ̀ nù. Ibi tí ìṣó bàbà gbà wọlé, irin funfun ti di jẹrẹjẹrẹ yí ìṣó náà ká, tí o bá fi èékánná tọ́ ọ, á wó lulẹ̀ bí àkàrà gbígbẹ. Ìṣó bàbà fúnra rẹ̀ ń dán, kò sí ohun tó ṣe é. Ibòmíràn tí ìṣó kò sí, páìpù le bí ọjọ́ tí mo yàn án. Nígbà náà ni mo wo etí ibi tí aṣọ ìgbòkun gbé wà. Ìṣó bàbà kan náà ni, omi òkun kan náà ló ta sí i, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Mo yọ ọ̀kan. Rọ́bà Bùrọ̀dá Jóòbù ló wé e lára, tó sì wà lábẹ́ orí rẹ̀. Mo yọ òmíràn. Rọ́bà. Gbogbo ìṣó tó wọ bàtà ló fi férémù wa sílẹ̀ láàyè.

Mo sáré lọ pe ọ̀gá mi. Ó tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Ó mú ìṣó bàbà kan, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ìṣó tí bàbá rẹ̀ fi kọ́ ọ níṣẹ́. Ó wá jókòó sórí pákó. Ó ní, "Lẹ́búlẹ́bú tí à ń nù yẹn, Gbémi, kì í ṣe iyọ̀. Irin wa ni." N kò gbọ́ ohùn rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní kí n lọ wá ìgò wá, kí n pọn omi òkun.

A fi irin funfun tí a fi ìṣó bàbà gún sínú ìgò kan. A fi irin funfun tí a fi irin funfun bíi tirẹ̀ kàn sínú òmíràn. A fi èyí tí a fi rọ́bà yà kúrò lára bàbà sínú ọ̀kan tó kù. A tò wọ́n sójú fèrèsé. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbọ́ òòlù àwọn tó ń dí ojú pákó ọkọ̀ Èkó, bí wọ́n bá sì ti dákẹ́, àyà mi á já pé wọ́n ti parí. Kí wọ́n tó dé ìdí ọkọ̀ náà, omi ìgò àkọ́kọ́ ti funfun bí omi ẹ̀kọ, irin inú rẹ̀ sì ti ń lu. Àwọn ìgò yòókù mọ́ kedere. Irin méjì tí kì í ṣe ọmọ ìyá, bí omi iyọ̀ bá ti wà láàárín wọn, ọ̀kan á jẹ èkejì. Ẹ fi èyí sọ́kàn ju gbogbo ohun tí mo sọ lọ.

A kò sùn nílé iṣẹ́ o, ṣùgbọ́n a kò sinmi. A gé ọ̀pá irin funfun tẹ́ẹ́rẹ́, a fi ọṣẹ àti iná rọ̀ ọ́, a sọ ọ́ di ìṣó. A fi í kan Fúyẹ́ tuntun. Ibi tí kò ṣeé ṣe kó má lo irin dúdú, bíi ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, a kun ún lọ́dà, a sì bẹ Bùrọ̀dá Jóòbù kó wá wọ bàtà fún wọn. Ó béèrè bóyá ọ̀gá mi ṣì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá mi ní kò sí ààyè.

Lọ́jọ́ tí a gbé e lọ síwájú àwọn àgbà, ìlú pé jọ. A kó ìgò wa dání. Bùrọ̀dá Ṣíláásì tí kì í sọ̀rọ̀ ló dìde. Ó ní, "Ìṣó bàbà kò ṣẹ igi rí. Ṣùgbọ́n lára irin funfun, olè ni ìṣó náà. Èmi ni mo mú olè náà wọlé, tí mo sì fi lé ọmọ yìí lọ́wọ́ pé ẹni ire ni. Òun ló wọ omi lọ mú un." Ó jókòó. Omi bọ́ lójú mi, n kò sì nù ún.

Àwọn àgbà yẹ ìgò wò, wọ́n gbé e fún ara wọn, wọ́n sì gbà pé ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn béèrè ohun tí gbogbo ènìyàn ń rò: ta ni yóò dùbúlẹ̀ lé e? Ẹni tó ń wo omi ń wo omi, ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ń wo ẹsẹ̀. Mo fẹ́ dìde, ọ̀gá mi fọwọ́ dì mí mú, ó ní ẹni tó kàn án kò lè ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ìyá mi ti dé láti Òkìtìpupa nígbà náà. Ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti jinná, wọ́n sì ṣì so apá rẹ̀ kọ́rùn. Ó dìde. Ó ní, "Èmi ni mo jábọ́, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gùn ún. Ọma mi ló kàn án." Ó yíjú sí àwọn obìnrin méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ghá gbé mi."

Wọ́n gbé e. Obìnrin méjì, bí ọ̀gá mi ṣe ṣèlérí. Wọ́n gba orí afárá kọjá ilé aṣọ, gbogbo ìlú ń tẹ̀ lé wọn, kò sẹ́ni tó ń kọrin. Nígbà tí wọ́n dé ojú ibi tó ti jábọ́ gan-an, ìyá mi ní kí wọ́n dúró. Wọ́n rò pé ẹ̀rù bà á. Ó ní, "Ẹ mì í."

Àwọn obìnrin náà wo ara wọn. Wọ́n mì í. Ó ní kí wọ́n mì í dáadáa. Wọ́n mì í débi pé afárá ń ró, omi ń ru lábẹ́ wọn, ìyá mi sì dùbúlẹ̀ lókè bí ìyàwó tuntun, ó ń rẹ́rìn-ín. Fúyẹ́ kò dún rárá. Ìgbà náà ni orin bẹ́, ẹ̀yin ọmọ, irú orin tí wọ́n ń kọ nígbà tí ọkọ̀ tí a rò pé ó ti rì bá yọ lókè ọ̀sà. Ọkọ̀ Èkó wọ omi, kò kó páìpù kankan lọ. Òun ló tún kó òmíràn bọ̀ wá fún wa.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ kò dá lọ́wọ́ wa. Abereke rán ọkọ̀ wá gbé tiwọn, Zion Pepe gba tiwọn, Òde Ugbò ní kí a ṣe férémù àtíbàbà fún ọkọ̀ àwọn. Nígbà tí iná mànàmáná wọ ilé iṣẹ́ wa, ìlu oníná rọ́pò ìlu ọlọ́wọ́, ihò tí à ń fi òógùn lu di ohun tí a ń fi ẹ̀rín lu. Bùrọ̀dá Ṣíláásì kórìíra ariwo rẹ̀. Ó lo ìlu ọlọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi lọ bá àwọn bàbá rẹ̀, ihò rẹ̀ sì tọ́ ju tèmi lọ. Nígbà tí jíjẹ-pọ̀ ìlú tú ká tí oníkálukú ń ṣe tirẹ̀, mo ṣí ìsọ̀ tèmi, mo kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́. Ìsọ̀ mi náà wà lórí omi. Mo jẹ́ kí àlàfo wà láàárín pákó rẹ̀, wọ́n sì ń wọ omi.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ní ìṣó tí wọ́n ń yìn bí ìbọn, ó yára, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú rẹ̀. Òmíràn funfun lóde, irin dúdú ló wà nínú. Bí ilé yín bá súnmọ́ òkun, ẹ béèrè èyí tó jẹ́ irin funfun tinú-tòde. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ fi rọ́bà àti ọ̀dà yà wọ́n sọ́tọ̀. Tí ẹni tó ń tà á bá ní kò ṣe nǹkan, ẹ bi í bóyá òun náà ń gbé ní etí òkun.

Iṣẹ́ wo ni kí ẹ wá yàn? N kò mọ̀. Ẹ yan èyí tí ohun tó bá bọ́ lọ́wọ́ yín níbẹ̀ máa dùn yín débi tí ẹ máa wọ omi lọ bá a. Èyí tí ẹ bá lè wò kó rì kí ẹ sì máa lọ, kì í ṣe tiyín.

Òkun ti gba ilé iṣẹ́ wa báyìí. Ó gba ilé aṣọ, ó gba ibi tí ìyá mi ti ń yan ẹja. Ọjọ́ orí sì ti dé, èmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ rìn mọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí omi wọ yàrá mi dé ibùsùn, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sáré wọlé, wọ́n ní, "Bàbá, a ti gbé nǹkan tí a máa fi gbé yín bọ̀." Wọ́n gbé e wọlé. Mo rí i, mo sì mọ̀ ọ́n. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣú, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ ìgbòkun rẹ̀ láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n bí páìpù ìgbèrí rẹ̀ ṣe tẹ̀, ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n tẹ́ mi sórí rẹ̀, wọ́n gbé mi jáde. Ìgbì ń ta sí wa lára. Mo na ọwọ́ sábẹ́, mo fi ìka wá orí àwọn ìṣó. Wọ́n dán bí eyín ọmọdé. Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà níwájú rí i pé mo na ọwọ́, ó béèrè bóyá ẹ̀rù ń bà mí.

Mo ní kí wọ́n dúró díẹ̀.

Mo ní, "Ẹ mì í."